Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Kí oníṣẹ́ Òmùò-Èkìtì tó fi gbèsè ra lathe ńlá

Àwọn àgbà ló ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ṣe òwò kéékèèké ní Òmùò-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá àwọn tó ni sọ́ọ̀mìlì, àwọn tó ń fún epo pupa, àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àtàwọn tó ni tírélà àti tírákítọ̀. Gbogbo wọn ló ń jẹun lára irin tó ń yí. Lọ́jọ́ tí ihò púlì ńlá bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ṣáàfù bá jẹ níbi tí bearing ń jókòó sí, tàbí tí dírọ́ọ̀mù bíréèkì tírélà bá gbẹ́ kòtò sínú, owó ti dúró nìyẹn.

Bí irin náà bá kéré, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Oníṣẹ́ lathe tó wà nítòsí á gbé e sórí ẹ̀rọ, á fá ojú rẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí irin bá fẹ̀ tàbí tó wúwo ju ohun tí lathe ìlú lè gbà lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ọkọ̀. Wọ́n á gbé e lọ sí Adó-Èkìtì tàbí Àkúrẹ́. Bí ibẹ̀ kò bá gbà á, ó di Ìbàdàn tàbí Èkó. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, owó àwọn tó bá wọn gbé e, owó oúnjẹ ẹni tó jókòó tì í, gbogbo rẹ̀ lè ju owó iṣẹ́ náà gan-an lọ. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, sọ́ọ̀mìlì kò la pákó, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lásán, oníbàárà sì ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ìdí nìyí tí èrò kan fi máa ń wá sọ́kàn àwọn oníṣẹ́ pé àfi kí àwọn wá lathe ńlá tòkunbọ̀ rà, kí iṣẹ́ tó ń lọ sí Èkó lè dúró sílé. Èrò náà dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹni tó bá dá nìkan fi gbèsè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílùú tó mọ níwọ̀n bí Òmùò lè fi owó ara rẹ̀ ra àìsùn. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́ mọ iye iṣẹ́ irin ńlá tó wà nílẹ̀ àti irú èyí tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ra irinṣẹ́ tó máa yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ìṣirò bá wá fi hàn pé iṣẹ́ lathe ńlá wà lóòótọ́, kí wọ́n para pọ̀ ra ẹyọ kan ṣoṣo.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn mọ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń díwọ̀n lathe. Èkíní ni bí irin ṣe lè fẹ̀ tó lókè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ kó tó máa ha á. Èkejì ni bí irin ṣe lè gùn tó láàárín orí ẹ̀rọ àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bí irin ṣe lè wúwo tó kí bearing inú orí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ máa ń bèèrè méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń gbàgbé ẹ̀kẹta. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń fi irin tì sábẹ́ orí lathe kékeré kó lè ga sí i, kí púlì tó fẹ̀ lè ráàyè yí. Púlì á yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lókun sí i, gíga ló ga. Bó bá ti gbé ẹrù tó jù ú lọ bíi mélòó kan, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ kò sì ní yọ bó ṣe yẹ mọ́. Oníṣẹ́ ti fi owó ọjọ́ kan ba oúnjẹ ọdún mẹ́wàá jẹ́.

Ká wo ti ìwúwo yìí dáadáa. Púlì cast iron tó fẹ̀ ní mítà 1, tó nípọn ní mìlímítà 100, tí wọn kò sì dá ihò púpọ̀ sí nínú, máa wúwo tó nǹkan bíi kílò 565. Ìyẹn ju àpò símẹ́ńtì 11 lọ. Ṣáàfù irin tó nípọn ní mìlímítà 200, tó gùn ní mítà 3, máa tó kílò 740, ìyẹn bí àpò símẹ́ńtì 15. Irú èyí kì í ṣe ohun tí ọmọkùnrin mẹ́rin máa fi "ó di hẹn" gbé sórí ẹ̀rọ. Bó bá yọ lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ èèyàn ló máa kọ́kọ́ bà, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ máa gba irin ńlá gbọ́dọ̀ ní òpó irin tó dúró ṣinṣin, ṣéènì-búlọ́ọ̀kù tó lè gbé ju ìwúwo irin náà lọ, àti okùn wáyà tí kò já lára, kó tó ronú kan lathe rárá. Ṣọ́ọ̀bù tó ní lathe ńlá láìní ohun tí wọ́n máa fi gbé irin dà bí ilé àwòṣífìlà tí kò ní ilẹ̀kùn.

Àkókò ni ohun kejì tó ń tan oníṣẹ́ jẹ. Ọ̀bẹ tó ń gé irin ní eré tí kò gbọdọ̀ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu rẹ̀ máa jó. Ká ní ọ̀bẹ kan lè gé mítà 25 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ṣáàfù tó fẹ̀ ní mìlímítà 50 bá wà lórí ẹ̀rọ, ó lè yí tó ìgbà 159 nínú ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà lórí ẹ̀rọ bá fẹ̀ ní mítà 1, etí rẹ̀ ń rin ọ̀nà tó jìn ní yíyí kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ yí ju ìgbà 8 lọ. Bí ọ̀bẹ bá ń sún ní ìdá 2 nínú 10 mìlímítà kan ní yíyí kọ̀ọ̀kan, kò ní rìn ju mìlímítà 1.6 lọ nínú ìṣẹ́jú kan. Láti fá ojú púlì náà láti etí wọ inú ní mìlímítà 300 péré, ó máa gba ju wákàtí 3 lọ bí eré ẹ̀rọ kò bá yí padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì nìyẹn o. Bó bá fẹ́ kí wọ́n fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀ ti ṣú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí. Wọ́n á fi ojú wo irin ńlá, wọ́n á dá iye lé e bí wọ́n ṣe ń dá a lé ṣáàfù ẹ̀rọ ìlọta, oníbàárà á ná an wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbà. Nígbà tí iṣẹ́ bá fi máa parí, owó dísẹ́ẹ̀lì nìkan ti jẹ ìdajì, owó ọ̀bẹ tó jó ti jẹ ìyókù. Wákàtí ni kí oníṣẹ́ irin ńlá máa tà, kó má ṣe máa ta ojú irin. Kó mọ iye tí wákàtí kan ń ná an ní iná, ní ọ̀bẹ, ní owó òṣìṣẹ́, ní àtúnṣe ẹ̀rọ àti ní gbèsè tó ń san, kó tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Oníbàárà tó gbọ́n náà máa fara mọ́ ọn, nítorí iye tó máa san kó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ń bẹ lọ́kàn òun náà.

Irin ńlá tí kò dọ́gba tún léwu ju bí ojú ṣe rí i lọ. Púlì tí apá rẹ̀ kan ti kán, tàbí irin tí kò yípo dọ́gba tí wọ́n dè mọ́ ojú ẹ̀rọ, máa ń fẹ́ já bọ́ síbi tó ti wúwo. Bí kílò 10 bá fi ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tó sì jìnnà sí àárín ní mìlímítà 400, nígbà tí irin bá ń yí ìgbà 60 nínú ìṣẹ́jú kan, ó máa fa ẹ̀rọ bí ẹni pé ẹrù kílò 16 rọ̀ mọ́ ọn. Bí oníṣẹ́ bá kánjú tó sì sọ eré náà di 120, ìfàsílẹ̀ náà kò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni, ó máa tó kílò 64. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi máa ń de irin mìíràn mọ́ òdìkejì kí ó lè dọ́gba, tó máa ń fi ọwọ́ yí i wò kó tó tan iná, tí kì í sì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ dúró síwájú irin náà bó bá ń yí.

Oòrùn náà wà lára ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Irin tó gbóná máa ń fẹ̀. Bí ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 500 bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ní dígírì 20, á fi nǹkan bíi ìdá 12 nínú 100 mìlímítà kan fẹ̀ sí i. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí bearing máa yí nínú ilé rẹ̀ tàbí kó kọ̀ láti wọlé. Ẹni tó bá wọn irin bó ṣe ń bọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ, tàbí tó gbé e sínú oòrùn ọ̀sán kó tó wọ̀n ọ́n, irọ́ ni irin náà ń pa fún un. Kó jẹ́ kó tutù. Bó bá di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fá a kẹ́yìn, ó sàn ju kí oníbàárà gbé e padà wá lọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ilẹ̀ àti iná. Lathe ńlá kì í jókòó lórí ilẹ̀ tí wọ́n kàn rẹ́. Ó ń fẹ́ kọ́ńkéré tó jìn tó sì nípọn, tó ti gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó fi ìwọ̀n ojú ilẹ̀ mú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí ilẹ̀ bá rì díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ṣáàfù tó bá kúrò lórí ẹ̀rọ náà á máa sán lẹ́nu kan ju èkejì lọ. Ní ti iná, mọ́tò rẹ̀ ń fẹ́ iná oníwáyà mẹ́ta, bó bá sì ń ta, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju èyí tó ń lò lọ bó bá ti ń yí. Jẹnẹrétọ̀ tó kàn tó mọ́tò náà lórí ìwé lè má lè ta á. Mọ́tò kílówáàtì 11 tó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀ lè mu dísẹ́ẹ̀lì tó lítà 3 sí 4 ní wákàtí kan. Ará Òmùò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí àìsí iná ọba ń ṣe fún òwò. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣàbójútó ọjà iná tiwọn, àjọ NERC sì fa àbójútó ti Èkìtì lé ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́ ní 2024. Èyí dára, àmọ́ kí oníṣẹ́ má ṣe fi iná tí kò tíì rí san gbèsè ẹ̀rọ tó ti rà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó kọjú sí ìpínlẹ̀ Kogí tó bá Òmùò pààlà. Àjàòkúta ń bẹ níbẹ̀. Ní 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ irin náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn ará Soviet Union, Ààrẹ Shehu Shagari sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1980. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá sínú rẹ̀ tó lè da irin, tó lè rọ ọ́, tó sì lè gé pátì ẹ̀rọ tó tóbi. Ṣùgbọ́n iná ìléru ńlá tó yẹ kó máa yọ́ irin kò tíì jó rí, ẹ̀rọ tó sì yẹ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ti pẹ́ tó ti jókòó. Ní 1980 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, pẹ̀lú ìmọ̀ ilé iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà, kó lè máa ṣe lathe àtàwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí. Ìyẹn náà kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ni pé ẹ̀rọ ńlá kì í pe iṣẹ́ wá. Iṣẹ́ ló ń bọ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀nà mìíràn wà láti wo ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo irin ńlá ló ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Nígbà púpọ̀, irin tó fẹ̀ tó mítà kan, ihò àárín rẹ̀ tí kò ju mìlímítà 100 lọ nìkan ló bàjẹ́. Kí ló dé tí wọ́n máa fi yí gbogbo òkè nítorí kòtò kan? Ní 1775, John Wilkinson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbẹ́ inú sílíńdà ńlá. Ó jẹ́ kí sílíńdà dúró sójú kan, ó mú ọ̀pá tí ọ̀bẹ wà lára rẹ̀ kọjá láàárín rẹ̀, ó di ọ̀pá náà mú lẹ́nu méjèèjì, ọ̀pá ló wá ń yí. Bí James Watt ṣe rí sílíńdà tó yípo dáadáa fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pá ìgbẹ́hò tó ṣeé gbé kiri, èyí tí àwọn tó ń tún katapílà ṣe ń lò lónìí. Wọ́n máa gbé e lọ síbi tí irin ńlá wà, wọ́n máa dè é mọ́ ọn, wọ́n máa gbẹ́ ihò náà fẹ̀, wọ́n á sì fi búùṣì tuntun tí lathe kékeré ṣe sínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí lathe ńlá kò lè lọ bá nínú igbó, ọ̀pá kékeré lè lọ bá a.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ lathe, àwọn wẹ́dà, àwọn onísọ́ọ̀mìlì àtàwọn onílé ẹ̀rọ ní Òmùò kọ́kọ́ ṣe kò ná wọn lówó. Kí wọ́n ra ìwé kan. Fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n máa kọ gbogbo irin tó jáde nílùú nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó gbà á: bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, ojú ibi tó bàjẹ́, ìlú tí wọ́n gbé e lọ, iye ọjọ́ tó lò àti gbogbo owó tó bá a lọ. Ìwé yìí ló máa sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ ihò ló pọ̀ jù, ọ̀pá ìgbẹ́hò ni kí wọ́n rà. Bó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù bíréèkì ló pọ̀ jù, lathe tó níwọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní àlàfo níwájú chuck lè tó. Bó bá jẹ́ ṣáàfù gígùn àti púlì ńlá ló pọ̀ jù, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ lathe ńlá dé.

Bó bá dé, kí ẹnì kan má ṣe dá a rà. Ká ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù kó tó lè san gbèsè rẹ̀, tí ìwé sì fi hàn pé iṣẹ́ wákàtí 30 ló wà ní Òmùò. Ẹni tó dá a rà ti wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Òmùò, Ìkọ̀lé àti ìhà Kàbbà bá rà á, iṣẹ́ ìlú mẹ́ta máa para pọ̀ bọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ náà forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí àdéhùn wà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ lò ó bí iṣẹ́ bá pọ̀, kí wákàtí kọ̀ọ̀kan ní iye tí ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò ń san, kí owó àtúnṣe sì máa lọ sí àpò ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ tó ní ìwé oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ ní ohun tó lè gbé síwájú Bank of Industry tàbí SMEDAN, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Ẹni tó gbé ìlérí lásán lọ, ìlérí lásán ló máa gbé bọ̀.

Iṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic wà ní Adó-Èkìtì, ilé iṣẹ́ ìwádìí EMDI wà ní Àkúrẹ́, PEDI wà ní Iléṣà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni tàbí tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nìwọ̀nyí jẹ́, owó ìlú ni wọ́n sì fi dá wọn sílẹ̀. Ó yẹ kí ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí oníṣẹ́ láti Òmùò tàbí Ìkéré lè sanwó wákàtí, kó sì lo ẹ̀rọ tó bá wà níbẹ̀ lábẹ́ ojú olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí iṣẹ́ gidi wò, oníṣẹ́ á rí irin rẹ̀ gbà padà, ẹ̀rọ kò sì ní jókòó kó máa dípẹtà.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ wéwu kì í là, pé bí ẹ̀rọ bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ á wá a wá. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí, àwọn tó ti ń ju irin tó bàjẹ́ sílẹ̀ á gbé e jáde. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í dúró de oníbàárà. Ọjọ́ ìsanwó máa ń pé yálà iṣẹ́ wá tàbí kò wá, ẹni tí wọ́n sì ti gba lathe kékeré rẹ̀ nítorí gbèsè lathe ńlá ti pàdánù méjèèjì.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí àwọn oníṣẹ́ Òmùò náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fà yọ kí wọ́n tó na owó. Oṣù mẹ́fà kò pẹ́. Oníṣẹ́ tó bá fi wọn iṣẹ́ rẹ̀ máa mọ ẹ̀rọ tó tó o, kò sì ní fi ìtẹ́ erin tẹ́ eku sí.